Àwọn Tó Ń Ka Àwòdì

Láràárọ̀ ìgbà ìrúwé, bí oòrùn bá ti ta díẹ̀, ìyá àti ọmọ rẹ̀ obìnrin a gun òkè òrùlé pẹrẹsẹ ilé tí wọ́n ti háyà yàrá kan. Àwọn àwòdì ń padà sí ìhà àríwá. Ọmọ a máa fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri fún èyí tó bá kọjá. Ìyá ló ń lo awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Bó bá yá, ọmọ a bi í pé, "Ṣé wọ́n pé?" Ìyá a ní, "Wọ́n pé." Wọn a sì sọ̀ kalẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀ṣọ́ kan gòkè wá láti ọgbà olódi gíga tó wà lódìkejì òpópónà. Ó ń mí hẹlẹ.

"Màmá, wọ́n ní kí n gba awò yẹn."

Ìyá di okùn rẹ̀ mú. "Bó o bá gbà á, ọmọ mi, a ò ní rí wọn mọ́. Ojú lásán ò gbé e."

"Kí lẹ ń wò?"

"Àwòdì ni," ọmọ ní.

Ẹ̀ṣọ́ gbójú sókè. Wọ́n ń pòòyì lójú sánmà, wọn ò tilẹ̀ ju apá. Ó lanu sílẹ̀.

"Abẹ́ wọn ni mo ń gbà kọjá látọjọ́ yìí? Àṣé òótọ́ ni, àwòdì òkè ò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun." Ó bojú wo ìyá. "Ṣùgbọ́n awò yín ò kọjú sókè."

"Àwọn kan máa ń fò nílẹ̀ nílẹ̀."

"Ṣé wọ́n pé?" ọmọ yára béèrè.

"Wọ́n pé."

Ẹ̀rín pa ẹ̀ṣọ́. "Ẹyẹ tó ń rìnrìn àjò! Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé wọ́n pé?"

"Ẹni tó ń wò wọ́n lójoojúmọ́ á mọ̀."

Ó mirí. "Ẹ máa kà á. Mà á ní n ò bá ẹnì kankan lókè."

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n rí i tó ń kọjá nísàlẹ̀. Ọmọ kí i. Kò gbójú sókè.

Àwòdì pọ̀ lọ́jọ́ náà débi pé ṣọ́ọ̀kì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

"Màámi, ṣé wọ́n pé?"

Ìyá tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Màámi?"

Lẹ́yìn odi, àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n máa ń kó jáde sóòrùn láràárọ̀ ti tò tán, gbogbo wọn ló sì wà níbẹ̀ àfi àkọ́bí rẹ̀, tí wọn ò tíì gbé dé ilé ẹjọ́ rí.