Ẹgbẹ̀rún Wáàtì Rupert àti Ẹran Ìrántí Alvin

Ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín o. Ẹ jókòó, ẹ kà á tán, nítorí inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan ni inú ń bí.

1.

"Ẹgbẹ̀rún wáàtì!" Rupert Semaken gbá páálí sólà tuntun rẹ̀ pà-pà-pà. "Ẹ wò ó dáadáa. Láti ọdún yìí lọ, èéfín ò ní rí ojú mi mọ́ láé nítorí pé a fẹ́ tọ́jú ẹran!"

Oṣù kẹfà ni, nígbà tí oòrùn kì í wọ̀ létí odò wa níhìn-ín, ní ìpẹ̀kun àríwá ayé. Ó so páńẹ́ẹ̀lì mọ́ àpótí bátìrì kékeré tó bá a wá nínú páálí, ó ki wáyà kẹ́tìlì bọ̀ ọ́. Omi hó. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Darlene, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ nìkan ló yí páálí padà.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n tún kọ nǹkan sẹ́yìn níbí. Ó rí tíńtín bí ẹsẹ̀ èèrà. Wáàtì-wákàtí, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Kí nìyẹn?"

"Àwọn tí ò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n kọ ìyẹn fún."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín ní tèmi.

2.

Oṣù kẹsàn-án dé. Eunice, àbúrò ìyá Rupert, fẹ́ ṣe àsè ìrántí Alvin ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Abúlé márùn-ún ló ń bọ̀, ẹran ìgalà ńlá, ìyẹn múùsì, la sì fi ń bọ́ àlejò níbẹ̀. Bí kò bá sí i, a ti dójú ti òkú nìyẹn.

Rupert pa ọ̀kan tó sanra lókè odò, níbi àgọ́ ọdẹ tí kò níná. Eunice yọ ọ̀bẹ kó lè là á tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, kó sì fi í kọ́ sínú èéfín. Rupert bú sẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ẹ fi ọ̀bẹ yẹn pamọ́! Fíríìsà tó wà lágọ̀ọ́ ò ṣiṣẹ́ rí, òní ló máa ṣiṣẹ́. Ẹran tútù làlejò máa jẹ."

"Rupert, ẹran ọkọ mi nìyí o. Ẹran tá a bá fi ṣòfò, àwọn ìgalà ẹgbẹ́ rẹ̀ ò ní yọjú sí wa nínú igbó mọ́."

"Ẹgbẹ̀rún wáàtì, Àǹtí! Ẹgbẹ̀rún!"

"Mo ti gbọ́. Ìgbà mélòó lo máa kà á kí ẹran tó dì?"

Ó ki ẹran kún fíríìsà, ó so ó mọ́ àpótí bátìrì sólà tó gbé dání wá, ó fi okùn di ìdérí rẹ̀, wọ́n wa ọkọ̀ ojú omi padà sábúlé lọ tọ́jú igi àti ìkòkò.

3.

Ọjọ́ karùn-ún, tí àsè ku ọ̀túnla, Rupert, Eunice àti Darlene padà lọ kó ẹran. Òórùn pàdé wọn kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. Àwọn ẹyẹ ìwò jókòó sórí fíríìsà bí ẹni tá a fìwé pè. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, òjìji igi sì bo páńẹ́ẹ̀lì.

Darlene wo ara fíríìsà. "Ọgọ́rùn-ún wáàtì ló ń jẹ. Wáàtì-wákàtí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ló wà nínú bátìrì. Wákàtí márùn-ún, Ẹ̀gbọ́n. Kódà bó bá ń sinmi díẹ̀díẹ̀, kò lè di òwúrọ̀."

"Ṣùgbọ́n ó se omi!" Rupert nàka sí àpótí bátìrì.

"Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló fi se omi."

Eunice ò pariwo. "Rupert, nọ́ńbà wo ni wọ́n kọ sára ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ rẹ?"

"Ogójì, Àǹtí. Agbára ẹṣin ogójì."

"Ṣé o ti wo ogójì yẹn rí, kó o wá gòkè odò láìyẹ táǹkì epo wò?"

"Rárá, Àǹtí."

"Ẹgbẹ̀rún tìrẹ yẹn, bí ẹ̀ńjìnnì ló rí. Táǹkì ńkọ́?"

Eunice wọnú ọkọ̀, ó kẹ̀yìn sí i. Rupert nìkan ló gbẹ́ kòtò tó fi sin odindi ẹran náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ la etí yín. Nọ́ńbà gàdàgbà iwájú páálí, agbára tí àpótí lè gbé jáde lẹ́ẹ̀kan náà ni. Wáàtì-wákàtí ni iye tó wà nínú rẹ̀. Ẹ fi ohun tí ẹ̀rọ yín ń jẹ ní wákàtí kan pín in kẹ́ ẹ tó náwó. Nọ́ńbà ara páńẹ́ẹ̀lì, ti oòrùn ọ̀sán gangan ni, kì í ṣe ti òjò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń kọ ẹgbẹ̀rún gàgàrà, tẹ́ ẹ̀ ń fi òótọ́ pamọ́ sẹ́yìn páálí, ojú á ti yín. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Abéèrè kì í sì í ṣìnà.

Àsè wáyé. Ẹran gbígbẹ tí àwọn ará ilé mìíràn yọ látinú èéfín tiwọn la fi bọ́ àlejò. Rupert ló gbé e kiri, kò jókòó, kò jẹun. Láti ìgbà náà, bẹ́ ẹ bá dé ilé èéfín tí Eunice ti ń yan ẹran, ẹ ó bá a níbẹ̀ tó ń la igi, tó ń koná, tójú rẹ̀ pọ́n kankan. Bẹ́ ẹ bá bi í léèrè, á ní èéfín ni.