Fíìmù Ìgbẹ̀san Tó Parí Sídìí Àwo Ẹran

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí àna àbúrò rẹ̀ dé, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnsànyà rán ìyàwó rẹ̀ lọ yá fíìmù ìgbẹ̀san.

"Èyí tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn ni kó o mú," ó ní. "Mo fẹ́ kí inú mi gbóná dáadáa."

Inú náà kò kúkú tutù láti ọdún 1995 tí ìyá wọn ti kú. Bọ́láwárìn, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, ló lọ tẹ ìwé ìkéde òkú, orúkọ àbúrò sì ṣáájú orúkọ ẹ̀gbọ́n. Bọ́láwárìn ní àwọn atẹ̀wé ló ṣe é. Ta ni yóò gbà á gbọ́? Gbogbo Bódìjà ti kà á lára ògiri. Láti ìgbà náà, wọn kò kí ara wọn mọ́.

Ní báyìí, wọ́n ń bọ̀ wá tọrọ Tómilọ́lá, ọmọ Bọ́láwárìn, Ògúnsànyà sì ni olórí ẹbí tó yẹ kó fa ọmọ lé àna lọ́wọ́. Ó ní òun yóò lọ. Bí ilé bá kún tán, òun yóò dìde, òun yóò sọ fún àwọn àna pé òun kò mọ ẹni tó bí ìyàwó wọn, òun yóò sì máa bọ̀ nílé. Láwùmí, ìyàwó rẹ̀, fẹ́ràn Tómilọ́lá bí ọmọ inú ara rẹ̀. Ó ti bẹ ọkọ rẹ̀ títí, nígbà tó yá, ó dákẹ́.

Fíìmù Kòríà ló yá wálé láti ṣọ́ọ̀bù Bọ́sẹ̀ ní Àgbowó, kásẹ́ẹ̀tì méjì. Kò sí èdè Òyìnbó nínú rẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ Yorùbá. Ògúnsànyà wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara kásẹ́ẹ̀tì méjèèjì, ó na èyí tí wọ́n kọ Apá Kìíní sí lára sí ìyàwó rẹ̀. Láwùmí tì í bọ inú ẹ̀rọ, ó jókòó ti àtẹ ẹ̀wà tó ń ṣà.

Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ilé kan ń jó. Ọkùnrin olórí ewú kan ń tiro kiri, ó ń wá ọkùnrin kan tó ní àmì dúdú lẹ́rẹ̀kẹ́. Kí kásẹ́ẹ̀tì náà tó tán, ó ti ká a mọ́ etí odò, ó sì gún un lọ́bẹ pa.

"Ọkùnrin nìyẹn!" Ògúnsànyà lu itan.

Kásẹ́ẹ̀tì kejì wọlé. Orúkọ àwọn òṣèré ló kọ́kọ́ ń kọjá.

"Kí ló dé tí wọ́n ń kọ orúkọ láàárín fíìmù?"

"Wọ́n ń sinmi ni," Láwùmí dá a lóhùn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni òkú wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹni yìí ò ti kú ni?"

"Ìkejì rẹ̀ ni, Bàbá Yọ̀mí. Ìbejì ni wọ́n."

Ògúnsànyà gbà bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ olórí ewú ti ṣe déédéé. Láwùmí, tí kì í pa ìsìn jẹ ní ìjọ Aládùúrà, ní ìwòsàn ni. Irun rẹ̀ ti dúdú bíi kóró iṣin. Láwùmí ní ó rẹ ẹ́ láró ni. Ògúnsànyà ń retí ọ̀bẹ. Kàkà kí ọ̀bẹ jáde, ẹja ni àwọn méjèèjì jọ ń pa kiri. Níkẹyìn wọ́n jókòó ti àwo kan, èyí tó dàgbà ya ẹran, ó fi sí èkejì lẹ́nu, ojú tẹlifíṣọ̀n sì di funfun.

"Ó ti parí?"

"Ó ti parí."

"Fíìmù ọ̀lẹ! Ó pa Táíwò tán, ó wá ń fún Kẹ́hìndé lẹ́ran jẹ!"

Ó bú Kòríà, ó bú Bọ́sẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Olúyọ̀lé, ó ròyìn rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tó bá dé ibi ẹran yẹn, ohùn rẹ̀ a rọ̀. Òun náà ti já ẹran sí méjì fún Bọ́láwárìn rí, nígbà tí igbóná dá a dùbúlẹ̀ ní kékeré.

"Ìyá Yọ̀mí," ó ní lálẹ́, "ẹni tó pààyàn pàápàá padà bá wọn jẹun. Ìwé lásán ni Bọ́láwárìn tẹ̀."

"Ẹ ò rí nǹkan," ni Láwùmí wí, ó sì mú áyọ́ọ̀nù, ó lọ agbádá ọkọ rẹ̀.

Ní Sátidé, Ògúnsànyà kò tíì wọ ilé àbúrò rẹ̀ tán tí Bọ́láwárìn fi dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un sínú iyẹ̀pẹ̀ níṣojú àwọn àna, t'òun ti aṣọ funfun. Ògúnsànyà wò ó, ó wò ó.

"Dìde, jàre. Ṣé o fẹ́ ba aṣọ jẹ́ mọ́ra ni?"

Ló bá dì mọ́ ọn. Ohùn gbọnrangandan ló fi pe Tómilọ́lá lọ́mọ rẹ̀, ó fà á lé àna lọ́wọ́, ojú rẹ̀ sì kún fún omi.

Ní Mọ́ńdè, òun fúnra rẹ̀ ló dá kásẹ́ẹ̀tì padà, kó lè rí Bọ́sẹ̀ bá wí lórí fíìmù rádaràda.

Bọ́sẹ̀ fi èékánná họ etí ìwé ara kásẹ́ẹ̀tì náà, ó ní, "Dádì, ẹ bá mi bi Mọ́mì: ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n wo fíìmù yìí níbí kí wọ́n tó gbé e lọ sílé, kí ló wá dé tí wọ́n fi bọ́ ìwé Apá Kìíní kúrò láyè ẹ̀, tí wọ́n lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara Apá Kejì?"