Ògì Dípò Kọ́sítádì

Mo ń po ìyẹ̀fun bísíkíìtì fún àwọn ọmọ.

Kọ́sítádì ti tán ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù Ayétòrò.

Tíṣà Adétutù, ayálégbé wa, ní kí n fi ògì gbígbẹ dípò rẹ̀.

Ó wo orí pẹpẹ. "Àbí agolo kọ́sítádì kọ́ nìyẹn?"

Ó ṣí i. "Ah, yẹ̀pẹ̀ ni! Ó dáa, ẹ jẹ́ ká dà á sí ìsàlẹ̀ ìkòkò tá a máa fi yan bísíkíìtì."

"Rárá. Ẹ bá mi lọ bu ti etí òkun wá."

"Ṣé yẹ̀pẹ̀ yàtọ̀ sí yẹ̀pẹ̀ ni?"

Mo gba agolo náà, mo dé e.

"Lọ́jọ́ tí òkun ń gbé itẹ́ òkú lọ, agolo yìí ni ọwọ́ mi kọ́kọ́ bà. Mo da kọ́sítádì inú rẹ̀ nù, mo fi bu yẹ̀pẹ̀ orí sàréè ìyá mi."