Àlejò Tí Kì Í Gbé Ife Kalẹ̀

Ní ìlú Sur, létí òkun ilẹ̀ Lárúbáwá, àlejò tó bá ní ẹ̀bẹ̀ kì í mu kọfí tí wọ́n bù fún un. Ṣe ni yóò gbé ife náà kalẹ̀ níwájú onílé, ó di ìgbà tí onílé bá gbà kó tó mu ún. Nílé Khalfan, ife tó ń wà nílẹ̀ máa ń pọ̀ ju èyí tó wà lọ́wọ́ lọ.

Ọmọ òrukàn tó ń fi awọ ewúrẹ́ ru omi tà ní èbúté ni Khalfan tẹ́lẹ̀. Báyìí, ọkọ̀ ojú omi mọ́kànlá ló ní, àti ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Shamsa, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ló ń bójú tó iṣẹ́ ní ìlú Muscat, ó sì máa ń pè é lọ́jọ́ Jímọ̀. Ilé Khalfan kún, síbẹ̀ ó dá wà, ó sì ń dùn ún.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, Bakhit, apẹja tó ti darúgbó, wọlé wá kí i. Khalfan ń retí kó gbé ife kalẹ̀. Bakhit mu ife mẹ́ta, ó mi ife lọ́wọ́ pé ó tó, ó sì sọ̀rọ̀ ẹja títí wọ́n fi pe ìrun Màgàríbì. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti kí Alásárì tán báyìí, ó ti dé. Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni kì í wá. Nígbà tí orúnkún dá a dúró, àbúrò rẹ̀ ló wá jókòó fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ìyẹn náà ò tọrọ nǹkan kan.

“Bakhit, òpùrọ́ ni ọ́! Àkùrákudà wo ló gùn ju ọkọ̀ mi lọ?”

“Bàbá Shamsa, nígbà tí mo pa á, ẹ ò tíì lọ́kọ̀.”

Khalfan á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Mo ti rí ẹnì kan ṣoṣo tí kò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ mi,” ló sọ fún ọmọ rẹ̀ lórí fóònù.

Shamsa yára dáhùn. “Ó dáa bẹ́ẹ̀, Bàbá.”

Lọ́jọ́ Àlàmísì kan, Bakhit gba ife àkọ́kọ́, ó sì rọra gbé e kalẹ̀.

Khalfan wo ife náà títí kọfí inú rẹ̀ fi tutù. Ó ronú pé bí òun bá pàdánù ọ̀kan yìí, kò sí ẹlòmíràn mọ́.

“Ṣé ilé ni? Àbí ọkọ̀? Ohun yòówù kó jẹ́, mo ti gbà. Ṣáà gbé ife yẹn mu, jọ̀ọ́.”

Bakhit ò gbójú sókè. “Bàbá Shamsa, orúnkún mi ò lè máa gbé mi dé ibí lójoojúmọ́ mọ́, ẹ bá mi bẹ Shamsa, kó jẹ́ kí àbúrò mi gba iṣẹ́ jíjókòó tì yín tó fi mí sí láti ọdún mẹ́ta yìí.”