Ère tí Ojú Rẹ̀ Kò Tíì Là

Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ọnàjídé ti gbẹ́ ère ìbejì fún ọ̀pọ̀ ilé kí ó tó kàn án. Táyé, ọ̀kan nínú ìbejì tí Àwẹ̀ró ọmọ rẹ̀ bí, kú níjẹta, Kẹ́hìndé kò sì gba ọmú mọ́. Bí ère kò bá tètè parí, ìyẹn náà yóò tẹ̀ lé èkejì rẹ̀.

Ọnàjídé kò sunkún. Ara rẹ̀ ti kú bí igi gbígbẹ. Ó jókòó sẹ́yìnkùlé láṣàálẹ́, ó ń fi ewé ìpín ha ère náà kó lè dán. Ojú nìkan ló kù, wọn kì í sì í la ojú ère lálẹ́, àfi lọ́sàn-án, níṣojú ìyá ọmọ.

Ó dáwọ́ dúró kó sinmi. Ìró ewé ìpín kò dúró. Yàrá Àwẹ̀ró ló ti ń wá. Nígbà tó yá, ìró náà dákẹ́.

“Bàbá, ẹ ṣeun,” Àwẹ̀ró wí láti ojú fèrèsé. “Kẹ́hìndé ti ń mu ọmú.”

“Kí ni mo ṣe?”

“Ère tí ẹ gbé tì mí nígbà tí mo sùn lọ ni. Ọwọ́ yín ò tíì darúgbó o. Àfi bíi pé Táyé ló ń wò mí.”

Ọnàjídé wo igi tó wà lórí itan rẹ̀. Kò tíì lójú. Ó gbọ́ bí ọmọ ṣe ń fa ọmú nínú yàrá, ó tún gbọ́ ẹnu kejì tó ń fà á.

Ó fẹ́ pariwo, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ń mu ọmú. Ó mú ewé ìpín, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.