Ọ̀pá Ìwọ̀n Lẹ́bàá Ilé-Ìwé

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí Fadérera, awọnlẹ̀ tó ń wá ibi gíga tí ará Ìdíọ̀mọ̀ lè sá sí bí odò bá kún, fi ojú sí awò ìwọ̀n rẹ̀. Ó rí Bámgbóyè, tó ń bá a di ọ̀pá ìwọ̀n mú, lẹ́bàá ilé-ìwé lórí òkè.

"Dúró bẹ́ẹ̀!"

"Ọ̀gá, ta lẹ ń bá wí?" Bámgbóyè dáhùn lẹ́yìn rẹ̀, níbi tó ti ń di ẹrù sínú ọkọ̀.

Fadérera yíjú padà, ó rí i níbẹ̀ lóòótọ́. Ó tún wo inú awò. Ẹni náà ṣì di ọ̀pá mú lóòró, ṣùgbọ́n omi ti mu ún dé ọrùn. Nígbà tí Fadérera fi ojú lásán wo òkè náà, ilẹ̀ gbẹ táútáú, kò sì sẹ́nìkan níbẹ̀.

"Bámgbóyè," Fadérera pa awò náà dé, "a máa wá òkè mìíràn fún wọn."