Róòsì Tí Kò Ta Sánsán

Láti àárọ̀ ni Ìyá Aránṣọ ti kúnlẹ̀ ti róòsì funfun yìí.

Ó ti fimú kàn án lẹ́ẹ̀meje. Kò gbóòórùn kankan, àfi bí ẹni ń fimú kan omi.

Ọkọ rẹ̀ ló gbìn ín kó tó kú. Tó bá ti là báyìí, gbogbo ilé ló máa ń ta sánsán.

Ọdún kan gbáko ni Ìyá fi ń ṣa kòkòrò lára ẹ̀, tó ń já àwọn ìrudi kéékèèké dànù kí ọ̀kan ṣoṣo yìí lè là dáadáa.

"Ìwọ náà ti gbàgbé ọkọ mi, àbí?" Omijé ń dà lójú ẹ̀. "Omi gbígbóná ni màá dà sí ẹ nídìí!"

Ó já wọ ilé ìdáná. Omi tó gbé kaná láàárọ̀ ṣì tutù nini. Atẹ́gùn ti paná ẹ̀.

Ó mú ìṣáná.

"Mọ́mì o!" Ọmọ ẹ̀ obìnrin ló ń bọ̀ látìta. "Òórùn róòsì Dádì ti gbàgboro kan!"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Ọmọ dé ẹnu ọ̀nà, ó sáré fọwọ́ bomú.

"Ẹ má ṣáná o! Gáàsì ti kúnlé! Ṣé ẹ ò gbóòórùn ẹ̀ ni?"

Ìṣáná bọ́ lọ́wọ́ Ìyá. Ó fa atẹ́gùn símú. Ó tún fà á.

"Gáàsì wo?"